Láti Láàbù Dé Ọsibítù: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Kẹ́mísìrì Tracer Tuntun fún PET Dé Ọjà

Ẹni tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ti rí ọ̀nà tuntun láti so fluorine-18 tàbí gallium-68, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, mọ́ èròjà kan, tó wá fẹ́ kí ọ̀nà náà di òògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn. Tracer ni wọ́n ń pe irú òògùn bẹ́ẹ̀: èròjà bíńtín tó gbé ìtànṣán sára, tí wọ́n máa fún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀rọ PET, tó ń ya àwòrán inú ara, á sì máa wo ibi tó ń kóra jọ sí.

Ohun kan ni kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: aago ló ń darí òwò yìí. Fluorine-18 máa ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ ní nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ bá ṣe láago mẹ́rin ìdájí ti ń ṣòfò kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ọ̀nà tó ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ jáde láràárọ̀, ní ìlú mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé, sàn ju ọ̀nà tó ń mú ìdá 60 jáde kìkì lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ dúró tì í. Orí èyí ni mo gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lé.

1. Ẹ wá ìpinnu tí dókítà fẹ́ ṣe, kí ẹ tó wá èròjà

Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: "Tí àwòrán bá mọ́lẹ̀ níbí, dókítà á ṣe báyìí, tí kò bá mọ́lẹ̀, á ṣe tọ̀hún." Bí ọ̀nà méjèèjì bá já sí ìtọ́jú kan náà, ẹ wá àrùn mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tracer tó ń wá amyloid, purotéènì tó ń kóra jọ nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Alzheimer, ló mú kí n tẹnu mọ́ èyí. Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí florbetapir, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Amyvid. Kẹ́mísìrì rẹ̀ gún régé. Wọ́n ya àwòrán àwọn tó ti súnmọ́ òpin ayé wọn, wọ́n sì yẹ ọpọlọ wọn wò lẹ́yìn ikú, àwòrán náà bá ohun tí wọ́n rí mu. Síbẹ̀, lọ́dún 2013, Medicare, ètò adójútòfò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, sọ pé àwòrán kan péré làwọn máa sanwó rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi kí onítọ̀hún sì wà nínú ìwádìí tí àwọn fọwọ́ sí. Nígbà yẹn, dókítà tó bá rí amyloid lórí àwòrán kò ní òògùn kankan tó lè fi kó o kúrò. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé ìdènà náà kúrò, lẹ́yìn tí àwọn òògùn bíi lecanemab ti gba àṣẹ. Èròjà kan náà ni wọ́n ń fún sí iṣan lọ́dún 2012 àti lọ́dún 2023. Ohun tó wọlé dé láàárín ni ìtọ́jú tí àwòrán náà lè tọ́ka sí.

Ẹ wá fi èyí wé ọkùnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate fún, tí PSA inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, purotéènì tí prostate ń tú jáde, tún ń gòkè, tí àwòrán CT àti ti egungun kò sì rí nǹkan kan. Dókítà fẹ́ mọ ibi tí òun máa darí ìtànṣán ìtọ́jú sí. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ń yí ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la padà. Nígbà tí FDA fọwọ́ sí gallium-68 PSMA-11, tracer tó ń lẹ̀ mọ́ PSMA, purotéènì ara jẹjẹrẹ prostate, ní oṣù kejìlá 2020, tí Pylarify ti iléeṣẹ́ Lantheus sì tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún 2021, àwọn dókítà ti ń dúró dè wọ́n. Owó tí Pylarify nìkan pa wọlé lọ́dún 2024 kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù sábà máa ń bá dókítà tó ń ka àwòrán PET sọ̀rọ̀, torí pé òun lẹ mọ̀. Ẹ lọ bá dókítà tó ń kọ ìwé pé kí aláìsàn lọ ya àwòrán: oníṣẹ́ abẹ àpò ìtọ̀, dókítà jẹjẹrẹ, dókítà ọpọlọ. Bí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò bá ní ìdí tó máa fi kọ ìwé náà, ọjà ò sí níbẹ̀.

2. Páténtì kọ́kọ́, ìpàdé lẹ́yìn

Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín sórí pátákó níbi ìpàdé onímọ̀ kí ẹ tó forúkọ páténtì sílẹ̀, ẹ ti pàdánù Yúróòpù. Amẹ́ríkà ń fún olùṣẹ̀dá ní ọdún kan lẹ́yìn tó ti tú ọ̀rọ̀ síta. Yúróòpù kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní oṣù 12 láti gba ọ̀nà PCT, àdéhùn páténtì àárín àwọn orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ẹ lè fi ìnáwó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dúró títí di nǹkan bí oṣù 30. Ogún ọdún ni páténtì ń lò, láti ọjọ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rántí pé ọdún tí ẹ máa fi dán òògùn náà wò lára èèyàn wà nínú ogún yẹn.

Bó bá jẹ́ yunifásítì ló gbà yín síṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ni ìṣẹ̀dá náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin Bayh-Dole ti ọdún 1980 ló jẹ́ kí yunifásítì lè ní ohun tí wọ́n fi owó ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ẹ tètè wọ ọ́fíìsì wọn tó ń rí sí i, kí ẹ sì béèrè fún láísẹ́ǹsì tó sọ ní pàtó irú ìlò tó bò.

Ìmọ̀ràn tèmi lórí ohun tí ẹ máa bò: ẹ má gbára lé páténtì lórí bí wọ́n ṣe ń po nǹkan nìkan. Inú àpótí òjé tó ń dí ìtànṣán mọ́nú ni ìpòpọ̀ ti ń wáyé, ẹ ò lè mọ ẹni tó ń lo ọ̀nà yín. Ẹ bo èròjà tó gba ìtànṣán náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bo precursor, ìyẹn èròjà tí ìtànṣán kò tíì wọ̀. Precursor jẹ́ ohun tí wọ́n ń dì, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń kó kọjá ẹnubodè. Ẹni bá jí i lò, ẹ máa rí i.

3. Ṣé ọ̀nà lẹ fẹ́ tà, àbí òògùn?

Ọ̀pọ̀ ló ń wọ ọjà pẹ̀lú èrò pé àwọn máa ta kẹ́mísìrì lásán: kí gbogbo ayé máa fi ọ̀nà àwọn ṣe tracer tiwọn, kí àwọn sì máa gba owó láísẹ́ǹsì. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tuntun nílò òògùn kan pàtó tó máa gbé e délé, òògùn tó jẹ́ pé láìsí ọ̀nà yẹn, kò ní í ṣeé tà.

FDG, ìyẹn ṣúgà tó gbé fluorine-18 sára, ni àpẹẹrẹ tó lágbára jù. Láàbù Brookhaven ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì kọ́kọ́ fún èèyàn ní yunifásítì Pennsylvania ní oṣù kẹjọ ọdún 1976. Gáàsì fluorine ni wọ́n fi ṣe é nígbà yẹn, ohun tó ń jáde kò pọ̀. Lọ́dún 1986, ní Jülich ní Jámánì, Hamacher, Coenen àti Stöcklin gbé ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n mú precursor kan tó ń jẹ́ mannose triflate, wọ́n fi èròjà tó ń jẹ́ Kryptofix 2.2.2 gbé fluoride wọ inú acetonitrile, ohun tó jáde sì lè tó nǹkan bí ìdajì láàárín wákàtí kan. Láti ìgbà yẹn ni FDG ti di ohun tí iléeṣẹ́ lè ṣe fún odindi ìlú. Triflate àti Kryptofix gba òkìkí nítorí FDG. Ká ní orí èròjà tí dókítà kò fẹ́ ni wọ́n gbé e lé ni, ó lè jẹ́ inú ìwé àwọn onímọ̀ ni ì bá pin sí.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa ni SiFA. Kẹ́mísìrì yìí gbé silicon kan kalẹ̀ tó ti ní fluorine lásán lára. Fluorine-18 á kàn wọlé, á gba ipò rẹ̀. Kò nílò ooru. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Níwọ̀n bí èròjà tó gba ìtànṣán àti èyí tí kò gbà á ti jẹ́ ọ̀kan náà ní ti kẹ́mísìrì, kò sí ohun tí HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, máa yà sọ́tọ̀. Kátíríìjì kékeré kan ti tó láti fọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ SiFA ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ọlọ́ràá ló yí silicon náà ká láti dáàbò bò ó, ọ̀rá yẹn sì lè fa èròjà náà lọ sínú ẹ̀dọ̀, kó má dé ibi tí wọ́n rán an. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi àwọn ẹ̀ka tó fẹ́ràn omi gbè é lẹ́sẹ̀. Láti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Munich ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́, ó sì gba àṣẹ FDA ní oṣù karùn-ún 2023 pẹ̀lú orúkọ Posluma, fún jẹjẹrẹ prostate. PSMA tí dókítà ti ń béèrè fún tẹ́lẹ̀ ló gbé SiFA dé ọsibítù.

Nítorí náà, ẹ yan òògùn kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí kẹ́mísìrì yín yọ ìdíwọ́ kan pàtó kúrò lọ́nà rẹ̀. Lẹ́yìn tí èyí bá ti rọ̀gbọ̀, àwọn mìíràn á wá béèrè láísẹ́ǹsì fúnra wọn.

4. Ẹ jókòó ti ìṣirò aago

Ẹ yan ìtànṣán tó bá bí òògùn yín ṣe máa rìn mu. Carbon-11 ń dín sí ìdajì ní 20 ìṣẹ́jú: ẹni tó ní cyclotron, ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe èròjà onítànṣán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ PET nìkan ló lè lò ó. Mayo Clinic gba àṣẹ fún carbon-11 choline lọ́dún 2012, ṣùgbọ́n irú òògùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí ìlú kejì. Gallium-68, 68 ìṣẹ́jú: ó ń jáde látinú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní germanium-68 nínú, ọsibítù fúnra rẹ̀ lè fi kit, àkójọ èròjà tó ti wà ní sẹpẹ́, pò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí tracer Netspot láti ọdún 2016. Copper-64, wákàtí 12.7: ibì kan lè ṣe é kí wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú pín in kárí orílẹ̀-èdè. Detectnet, tó gba àṣẹ ní oṣù kẹsàn-án 2020, ń wá irú jẹjẹrẹ kan náà tí Netspot ń wá. Bó ṣe ń dé ọsibítù ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín wọn. Nínú òwò yìí, ìyẹn ti tó láti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká fi fluorine-18 ṣe ìṣirò kan tààrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 GBq (gigabecquerel, òṣùwọ̀n ìtànṣán). Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde, láìṣírò èyí tó ti kú nígbà ìpòpọ̀ mọ́ ọn: 40 GBq. Àyẹ̀wò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ó ku 33. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó ku bíi 15.5 GBq. Bí aláìsàn kan bá ń gba 370 MBq (1,000 MBq ni GBq kan), èèyàn 41 ló lè gbà á bí gbogbo wọn bá gbà á ní wákàtí yẹn. Ní wákàtí mẹ́rin, 19. Ní wákàtí mẹ́fà, 9.

Ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ìpòpọ̀ náà, torí pé kẹ́mísìrì yín nílò HPLC. Ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ohun tó ń jáde bá jẹ́ ìdá 10 dípò 20, ọsibítù tó wà ní wákàtí mẹ́fà kò lè gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, owó ọkọ̀ àti ti òṣìṣẹ́ kò sì dín kù. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀nà yín kí ẹ tó wá olùdókòwò, torí pé ẹni tó gbọ́n nínú wọn máa ṣe é níṣojú yín.

5. Ẹ gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gbé ìtànṣán gidi lé e

Ibí ni kẹ́mísìrì tó rẹwà máa ń kú sí, nítorí náà mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀.

Ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe tracer títà, kò sẹ́ni tó ń da nǹkan sínú ìgò. Ẹ̀rọ kan wà nínú àpótí òjé. Òṣìṣẹ́ á so kásẹ́ẹ̀tì oníke kan mọ́ ọn, á tẹ bọ́tìnì, ó di ẹ̀yìn gíláàsì. Omi oxygen-18 tí cyclotron ti sọ di fluoride á sáré gba inú ọ̀pá tín-ín-rín wá, á gba orí kátíríìjì QMA kọjá. Fluoride á lẹ̀ mọ́ ọn, omi á kọjá lọ. Carbonate àti Kryptofix á tú u sílẹ̀ sínú ìgò kékeré, gáàsì àti ooru á gbẹ ẹ́ pẹ̀lú acetonitrile. Precursor á wọlé, á gbóná, á tutù, wọ́n á fọ ìdáàbòbò rẹ̀ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ lórí kátíríìjì kejì, á gba asẹ́ tín-ín-rín kọjá wọ inú ìgò ìkẹyìn. Ẹni tó wà níta ń wo ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Bí fáàfù kan bá dí ní ìṣẹ́jú kejìlá, kò lè ṣí àpótí náà. Ìtànṣán inú rẹ̀ kò gbà fún un. Òògùn ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ fi èyí lọ́kàn, kí ẹ wá bi kẹ́mísìrì yín ní àwọn ìbéèrè yìí. Ṣé ó lè fara da omi díẹ̀, torí pé gbígbẹ inú ẹ̀rọ kì í gbẹ bíi ti láàbù? Ṣé ohun olómi tí ẹ fi ń yọ́ èròjà kì í jẹ ike àti rọ́bà? Ṣé precursor lè dúró nínú ìgò fún oṣù mélòó kan, àbí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ náà? Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí ń lo bàbà ni, báwo lẹ ṣe máa fi hàn pé bàbà tó kù nínú òògùn kò tó nǹkan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn ni ti ìtànṣán tó ń ba èròjà tirẹ̀ jẹ́. Tracer tó mọ́ lóló ní 1 GBq lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní 50 GBq, torí pé ìtànṣán inú ìgò náà ń ṣẹ̀dá àwọn nǹkan tó ń jẹ èròjà yẹn. Ethanol díẹ̀ tàbí ascorbate ló máa ń dá a dúró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ máa tún ètò yín tò látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yá iléeṣẹ́ tó ní cyclotron ńlá lò fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ ṣe é ní ìwọ̀n tí ẹ máa fi tà á, kí ẹ sì wo bó ṣe mọ́ tó lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. Owó yẹn dun èèyàn láti san, mo mọ̀. Ẹ san án kí ẹ tó ná owó lórí ẹranko rárá.

Kí ẹ sì rí i pé iléeṣẹ́ méjì, kì í ṣe ọ̀kan, ló lè ṣe precursor yín ní ìpele tí òfin òògùn béèrè.

6. Ìgbà àkọ́kọ́ lára èèyàn

Ohun tó mú kí ọ̀nà wa kúrú ju ti àwọn oníṣòwò òògùn yòókù ni pé ìwọ̀n èròjà tó ń wọ ara kéré púpọ̀. Bí àpapọ̀ ohun tí ẹ fún èèyàn kò bá ju 100 microgram lọ, tí kò sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tó lè ṣiṣẹ́ lára lọ, ICH M3(R2), ìlànà àgbáyé lórí ìdánwò òògùn, gbà kí ìdánwò májèlé wà lára irú ẹranko kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹranko náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa fi ìṣirò iye ìtànṣán tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan gbà kún un. Kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ ni ó sábà máa ń gbà jù.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ RDRC tó wà ní yunifásítì, tó ń fọwọ́ sí ìwádìí pẹ̀lú òògùn onítànṣán, kó lè yá. RDRC kò wà fún èròjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí. IND ni ẹ nílò, ìyẹn ìwé tí ẹ ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA kí ẹ tó dán òògùn tuntun wò lára èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ bá ti dé ìdánwò ńlá, ohun tí ìjọba ń fẹ́ ni òtítọ́ tó dúró lẹ́yìn àwòrán: ẹran tí wọ́n gé wá láti ibi tí tracer mọ́lẹ̀ sí, tàbí bí aláìsàn ṣe rí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn òǹkàwé mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa aláìsàn ló sábà máa ń ka àwòrán náà, ìdáhùn wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Nítorí náà, ẹ tètè kọ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún òǹkàwé. Tracer dáadáa ti wọ ìṣòro rí torí pé ẹni kan pe iṣan ara lásán ní jẹjẹrẹ.

7. Àṣẹ, àti àwọn tó máa bá yín ṣe é

Òfin 21 CFR Part 212 ni FDA fi ń darí ṣíṣe òògùn PET. Ẹ kà á fúnra yín. Kò gùn, ó sì yé ni ju ti òògùn oníkóró lọ. Ohun àrà tó wà nínú rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò kòkòrò gba ọjọ́ 14, òògùn náà sì ti kú tipẹ́ kí èsì tó dé. Nítorí náà, wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ lórí àwọn àyẹ̀wò tó yá: bó ṣe mọ́ tó, pH rẹ̀, ìtànṣán tó tọ́, endotoxin (májèlé tó ń wá láti ara bakitéríà), àti bóyá asẹ́ náà kò ya. Ti kòkòrò ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín 30 wákàtí. Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí èsì yẹn máa sọ pé nǹkan wà níbẹ̀: ta lẹ máa pè, láàárín wákàtí mélòó?

Ẹ má kọ́ cyclotron. Àwọn iléeṣẹ́ tó ní wọn káàkiri ti wà, irú bíi PETNET àti SOFIE ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin á gbé kásẹ́ẹ̀tì, precursor àti ìwé ìlànà wá, àwọn á fi ṣe é, wọ́n á sì fi ọkọ̀ pín in. Nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà, ẹ béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: láago mélòó ni àpótí òjé yín máa ṣófo láàárọ̀? FDG ló ń gba aago méjì sí márùn-ún ìdájí ní ibi púpọ̀. Bó bá jẹ́ aago mẹ́jọ ni wọ́n fún yín, òògùn yín á dé ọsibítù lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀rọ PET ti kún. Ẹ jẹ́ kí aago náà wà nínú àdéhùn ní kíkọ. Ibi kọ̀ọ̀kan tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ fi ìpòpọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra hàn pé òun lè ṣe é, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ inú ìwé tó wà lọ́dọ̀ FDA.

Owó ìwé àṣẹ fún òògùn tó ní èsì ìdánwò lára èèyàn ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ kékeré lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ òun kúrò fún ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti béèrè.

Yúróòpù yàtọ̀. Àwọn ọsibítù ńlá níbẹ̀ sábà máa ń po tracer fúnra wọn lábẹ́ òfin ìpoògùn orílẹ̀-èdè wọn, nítorí náà oníbàárà yín ni olùdíje yín pẹ̀lú. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé rírà á rọrùn ju pípò ó lọ.

8. Ta ló máa sanwó?

Ẹ dáhùn èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá. Ní Amẹ́ríkà, tracer tuntun lè gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ Medicare fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Látijọ́, bí ọdún mẹ́ta yẹn bá ti pé, wọ́n á pò ó mọ́ owó àwòrán, ọsibítù á sì rí i pé òun ń pàdánù lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó máa padà sí tracer tó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ òògùn dáadáa ló rọ lọ́nà yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Medicare ń sanwó lọ́tọ̀ fún tracer tí iye rẹ̀ lójúmọ́ bá kọjá ààlà kan, tó jẹ́ 630 dọ́là lọ́dún 2025. Ìyípadà yìí tún ìṣirò owó gbogbo iléeṣẹ́ tó wà nínú òwò yìí tò. Bí ètò owó tí ẹ ní lọ́wọ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ṣáájú 2025, ẹ kọ òmíràn.

Àwọn olùsanwó fẹ́ rí i pé àwòrán yín yí ìtọ́jú padà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ yẹn nínú ìdánwò yín: kí dókítà kọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó rí àwòrán, kó sì kọ ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí IDEAS lórí amyloid gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 18,000, ó sì fi hàn pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìtọ́jú wọn yí padà.

Ní ti owó ìdókòwò, ẹ pín in sí ẹsẹẹsẹ: èyí tó máa gbé yín dé ìpòpọ̀ ńlá tó mọ́, èyí tó máa gbé yín dé èèyàn àkọ́kọ́, èyí tó máa gbé yín dé ìdánwò ìkẹyìn. Kò pọn dandan kí ẹ fúnra yín ta òògùn náà. Eli Lilly ra Avid, tó ni Amyvid, ní ìparí 2010 pẹ̀lú 300 mílíọ̀nù dọ́là lójú ẹsẹ̀ àti ìlérí tó lè tó 500 mílíọ̀nù sí i, kí FDA tó fọwọ́ sí òògùn náà.

9. Oṣù àkọ́kọ́ lọ́jà

Ìpòpọ̀ máa bàjẹ́. Ó máa ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ tí aláìsàn kan ti wakọ̀ wákàtí mẹ́ta wá, tó ti pa iṣẹ́ jẹ, tí ẹ̀rù èsì sì ti ń bà á láti alẹ́. Ẹ ní ẹnì kan tó máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí nọ́ńbà gbogbo ọsibítù ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tẹ̀ wọ́n láago lójú ẹsẹ̀ tí ìlà orí kọ̀ǹpútà bá ti wálẹ̀ níbi tí kò yẹ, kó má dúró de àyẹ̀wò tó máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí owó bá gbà á, ẹ ṣètò ìpòpọ̀ kejì sí aago mẹ́sàn-án fún àwọn tó súnmọ́ iléeṣẹ́, kí ẹ sì fi àwọn tó jìnnà sí ipò kìíní lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdí tó fi bàjẹ́ sílẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ìpòpọ̀ ìlú kan bá ń bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ rán onímọ̀ kẹ́mísìrì yín lọ dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ìdájí, kó wo bí òṣìṣẹ́ náà ṣe ń so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ, kó wo bí ojú ọ̀pá tó ń bọ̀ láti cyclotron ṣe rí, kó wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú precursor sí, kó sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.